Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bí ẹ ṣe máa gbé owó ìnáwó yín lọ sókè òkun

Ogún pọ́n-ùn wà lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀sì dúró síwájú mi, mi ò sì lè wọ̀ ọ́. Lọ́ńdọ̀nù ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 2017. Àṣé láti 2014 ni bọ́ọ̀sì ìlú náà ò ti gba káàṣì mọ́. Káàdì lèèyàn ń gbé lé ẹ̀rọ kó tó wọlé. Mo yọ káàdì dọ́là mi, mo gbé e lé e, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Mo tún un gbé lé e, ó tún kọ̀. Awakọ̀ ní kí n má bínú, ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Gbogbo owó tí mo fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú nídìí àdìrẹ tí mò ń tà ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, inú káàdì kan ṣoṣo yẹn ló wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀ ló wá mú mi ní ibùdókọ̀. Ó gba ogún pọ́n-ùn náà, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fi ra káàdì Oyster fún mi, ó sì ní kí wọ́n kó owó sórí rẹ̀. Bí a ṣe délé nìyẹn. Ìgbà tí a délé tán ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ fún báńkì mi pé mò ń rìnrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹnì kan ń fi káàdì tí ò kúrò l'Abẹ́òkúta rí sanwó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rò pé olè ló jí i, wọ́n bá tì í pa. Wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n fi jẹ́rìí pé èmi ni. Láìnì mi ò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, nọ́ńbà ò dé. Ọjọ́ Ajé ni mo tó rí ẹni bá mi dá sí i. Ká ní mi ò ní ẹni kankan nílùú yẹn ńkọ́?

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnì kan bá ń lọ lo ìsinmi lókè òkun ní àdúgbò wa, wọ́n á ní kó yà sí ìsọ̀ mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹni tó ti Sápọ́n bọ̀ ń wọ Ìtòkú, ẹni tó ti Adátán bọ̀ náà ń wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá dí ojú ọ̀nà kan, àwọn èèyàn á gba òmíràn wá ra aṣọ wọn. Bó ṣe yẹ kí owó ìrìn-àjò rí nìyẹn: káàdì méjì láti báńkì méjì, káàṣì níwọ̀nba, àti ìpín kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn àfi tí ìyókù bá já yín kulẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú owó tí wọ́n ń ná níbi tí ẹ ń lọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, wọ́n ń lọ Dubai. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé káàṣì ló dáa kí n kó dání ni àbí káàdì?" Mo ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi rà, níbo lo sì ti fẹ́ rà á?"

Ìbéèrè yẹn ló ṣáájú. Ní Dubai, káàdì Nol lèèyàn fi ń wọ Metro àti bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ọjà góòlù ní Deira, tí ẹ ń ná ọjà, owó bébà tí ọlọ́jà rí lọ́wọ́ yín máa ń jẹ́ kó tètè gbọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì ló ń ṣiṣẹ́ káàkiri, àwọn ibòmíràn ò tiẹ̀ fẹ́ fojú kan káàṣì. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké ṣì fẹ́ràn owó bébà. Tó bá jẹ́ Kútọ̀nù nítòsí wa níbí lẹ ń lọ, ọlọ́kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zémìdjan, séfà ló máa ní kí ẹ mú wá. Torí náà, ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lè gbé èyí tó pọ̀ jù sórí káàdì. Ẹni tó ń lọ Kútọ̀nù, káàṣì ni kó jẹ́ olórí ẹrù rẹ̀.

Irú owó wo wá ni kí ẹ rà? Tí ẹ bá ń lọ ibi tí wọ́n ti ń ná dọ́là, pọ́n-ùn tàbí yúrò, ẹ ra owó ibẹ̀ gan-an kí ẹ tó kúrò nílé. Tó bá jẹ́ owó míì ni wọ́n ń ná, ẹ gbé dọ́là dání, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹ má gbé náírà lọ pẹ̀lú èrò pé ẹ máa rí ẹni ṣẹ́ ẹ. Yàtọ̀ sí àwọn ìlú ẹnu ibodè, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹni tó máa gbà á.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tó dára kí ẹ mọ̀ sórí, nítorí wọn kì í yí padà lójoojúmọ́ bíi ti náírà. Dọ́là kan jẹ́ dírámù 3.6725 ní Dubai, bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti 1997. Dọ́là kan jẹ́ ríyàl 3.75 ní Saudi. Séfà ti ẹ̀gbẹ́ wa níbí, yúrò ni wọ́n so ó mọ́: yúrò kan jẹ́ séfà 655.957. Tí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní Dubai, tó ní dírámù 3.40 lòun máa fún yín lórí dọ́là kan, ẹ ti mọ iye tó fẹ́ yọ lára yín, ẹ kọjá sí ti ẹnì kejì. Nítorí ohun kan náà, ẹni tó ń lọ Kútọ̀nù tàbí Lomé, yúrò dára fún un ju dọ́là lọ. Ẹ sì rántí pé séfà tí wọ́n ń ná ní Kútọ̀nù yàtọ̀ sí ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Iye wọn dọ́gba, orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọ̀kan ra ọjà nílùú èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọjọ́, oúnjẹ òòjọ́, owó ọkọ̀, owó ìwọlé síbi tí ẹ fẹ́ lọ wò, àti ẹ̀bùn àwọn ará ilé. Ẹ má fo ti ẹ̀bùn, torí ta ni ará ilé rẹ̀ máa jẹ́ kó ti òkè òkun dé lọ́wọ́ òfo? Tí ẹ bá ti ròpọ̀ tán, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un. Ìdá yẹn ni ìpín tí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tètè lọ béèrè PTA ní báńkì

PTA ni owó òkèèrè tí òfin gbà kí báńkì tà fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì lè gbà tó dọ́là 4,000 láàárín oṣù mẹ́ta. "Lè gbà tó" ni mo sọ o. Báńkì lè má fún yín tó bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya tí wọ́n jọ ń lọ, kí kálukú béèrè tirẹ̀.

Báńkì tí ẹ ní akáǹtì sí ni kí ẹ lọ. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, físà tí ibi tí ẹ ń lọ bá ń gba físà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, BVN yín, àti Fọ́ọ̀mù A tí wọ́n ń kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí fọ́ọ̀mù náà bá rú yín lójú, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ báńkì jókòó tì yín kún un. Ẹ má tijú.

Mo ti rí ẹni tó lọ béèrè PTA n'Ìbarà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó wọ bàálù. Orí títì ló padà lọ ra dọ́là, ó sì rà á lọ́wọ̀n. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì retí pé wọ́n máa ka owó lé yín lọ́wọ́ bíi tàtijọ́: láti oṣù Èrèlé 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti pàṣẹ pé kí báńkì máa san PTA sórí káàdì tàbí ọ̀nà orí ẹ̀rọ míì, kì í ṣe káàṣì. Èyí ló jẹ́ kí ìgbésẹ̀ tó kàn ṣe pàtàkì gan-an.

Mo bẹ yín, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ tàbí ìwé ìrìnnà yín kó fi gba PTA, bó ti wù kó jẹ́ ẹbí tó. Tí ìrìn-àjò náà bá sì fọ́, ẹ dá owó náà padà fún báńkì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Láti oṣù Ògún 2021 ni CBN ti ní kí àwọn báńkì máa gbé orúkọ àti BVN ẹni tó bá lo ayédèrú ìwé, tàbí tó fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì tí ò dá owó padà, síta fún gbogbo ayé rí. Orúkọ rere tí ẹ fi ogún ọdún kọ́ l'Abẹ́òkúta, dọ́là 4,000 ò tó o.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣí akáǹtì dọ́là, kí ẹ sì múra káàdì rẹ̀ sílẹ̀

Akáǹtì tí wọ́n ń pè ní domiciliary ni. Ẹ lè ṣí ti dọ́là, ti pọ́n-ùn tàbí ti yúrò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè máa tọ́jú owó síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń dá àjọ, dípò kí ẹ máa sáré wá gbogbo dọ́là yín ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá a. Tí mo bá ta ọjà tó já mọ́ nǹkan, mo máa ń ju díẹ̀ síbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ó ti di nǹkan.

Ẹ gba káàdì akáǹtì náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó kúrò nílùú. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2017 ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ kà á dáadáa.

Ẹ fi káàdì náà pọ owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM tàbí ra nǹkan nílé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ̀ pé PIN rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún báńkì, lórí áàpù wọn tàbí ní káńtà, ìlú tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé. Ẹ béèrè iye tí káàdì náà lè ná lójúmọ́ lókè òkun, àti iye tí ẹ̀rọ lè pọ lẹ́ẹ̀kan; àwọn báńkì kan máa ń ti apá ìnáwó lókè òkun pa títí ẹ fi máa ṣí i fúnra yín. Ẹ wo ọjọ́ tí káàdì máa parí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni láìnì fóònù yín, kí wọ́n ṣí i kó lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ lókè òkun. Bí ẹ bá tiẹ̀ máa ra síìmù tuntun lọ́hùn-ún, ẹ má yọ láìnì tí báńkì mọ̀ sọnù. Orí rẹ̀ ni nọ́ńbà ìjẹ́rìí máa wọlé sí. Tí báńkì yín bá ní tókìnì tàbí áàpù tó ń pèsè nọ́ńbà náà láìgba àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ gbà á, torí ìyẹn ò ní fi yín sílẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí.

Káàdì kejì ńkọ́? Kó wá láti báńkì mìíràn pátápátá. Káàdì méjì láti báńkì kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n. Tí ẹ̀rọ báńkì náà bá dákẹ́, méjèèjì á dákẹ́ pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Káàdì náírà àti káàdì orí fóònù

Láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti ti káàdì náírà pa fún ìnáwó lókè òkun. Ní 2025, àwọn kan nínú wọn tún ṣí i, pẹ̀lú òté lórí iye tí èèyàn lè ná. Ẹ béèrè iye tiyín, kí ẹ sì mú un lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe ìrànwọ́, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀. Káàdì dọ́là tí kò sí lọ́wọ́, tó jẹ́ orí fóònù nìkan ló wà, dára fún sísan owó òtẹ́ẹ̀lì tàbí tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ṣeé fi pọ owó lẹ́nu ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà lè sọ fún yín nípa traveller's cheque. Ó ní ìgbà tirẹ̀. Lónìí, ẹ lè rìn títí kí ẹ tó rí ẹni tó máa gbà á.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ra káàṣì pẹ̀lú ojú sísí

Ọ̀dọ̀ BDC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣẹ́ owó, tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti na ọwọ́ sí ẹni tó dúró létí títì, ṣùgbọ́n òfin ò fàyè gbà á, àwọn EFCC sì ti kó èèyàn lórí ẹ̀. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá fún yín ní ayédèrú, ta lẹ máa lọ mú?

Ẹ yẹ bébà kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ lọ́dọ̀ mi, ẹ kì í gbé àdìrẹ láìtú u kí ẹ wo ibi tí aró ò ti mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe sí owó. Dọ́là ọgọ́rùn-ún tuntun, èyí tó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2013, ní ìlà búlúù kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ yí i síwá sẹ́yìn: àwọn aago kéékèèké inú ìlà náà á máa di 100 lójú yín. Ẹ wo 100 tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí ẹ bá yí bébà, àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní ti bàbà, á di ewéko. Ẹ fi èékánná ra èjìká ẹni tó wà lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ha. Èyí tí kò bá ṣe gbogbo èyí, ẹ dá a padà kí ẹ tó kúrò ní káńtà.

Amẹ́ríkà kì í fagi lé owó rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣẹ́ owó káàkiri ayé ní ojú tiwọn. Dọ́là olórí kékeré ti ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, èyí tó ya tàbí tó fọ́ lójú ìṣẹ́po, wọ́n á kọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ẹ gba èyí tó mọ́. Kí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ọgọ́rùn-ún, torí níbi púpọ̀, iye tí wọ́n ń gba dọ́là kéékèèké kì í tó ti ńlá. Kí ẹ wá ní ogún, márùn-ún àti ẹyọ díẹ̀ fún takisí àti ẹni tó bá bá yín gbé ẹrù.

Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n máa ń fagi lé owó wọn. Pọ́n-ùn mẹ́wàá oníbébà ti kúrò nílẹ̀ láti oṣù Ẹrẹ́nà 2018. Ogún àti àádọ́ta oníbébà kúrò ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2022. Pọ́n-ùn tòní ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi ọ̀rá. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn pọ́n-ùn tí bàbá tàbí ìyá kan fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti ọdún pípẹ́ wà nílùú yìí, wọ́n sì lè tà á fún yín pẹ̀lú ọkàn rere. Ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù ò ní gbà á. Báńkì Àpapọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ìsinmi tò sórí ìlà?

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pín in, ẹ fi tòbí ìyá wa kọ́gbọ́n

Ìyá mi ta aṣọ ní Ìtòkú títí ó fi darúgbó, mi ò rí i kó kó owó ọjà sínú báàgì lọ́jọ́ kan. Abẹ́ ìró ni tòbí rẹ̀ wà, àpò sì wà lára tòbí. Owó ṣẹ́ńjì nìkan ló máa ń wà ní etí ìró níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Olè tó bá já ìyẹn gbà, owó ata ló gbé lọ.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí télọ̀ rán àpò pẹlẹbẹ onísíìpù tí ẹ lè so mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà náà wà. Fún ọkùnrin, àpò inú ṣòkòtò, lápá iwájú, ló dára jù, ẹ má lo ti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni káàṣì ńlá, káàdì kejì àti ìwé ìrìnnà máa wà. Owó tí ẹ máa ná lóòjọ́ àti káàdì kìn-ín-ní, kí wọ́n wà nínú pọ́ọ̀sì. Ìpín ìdá kan nínú márùn-ún yẹn, ẹ fi sí ibòmíràn pátápátá nínú báàgì ọwọ́ yín. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ pín in láàárín ara yín. Ohunkóhun tó bá jẹ́ owó, kó má wọ inú ẹrù tí ẹ máa fà lé ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́.

Ọ̀nà láti Abẹ́òkúta dé pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà wà lára ìrìn-àjò náà, àwọn èèyàn kì í sì í rò ó. Ẹ má ka owó ní gáréèjì Kútò. Ẹ má máa sọ lórí fóònù nínú ọkọ̀ pé "mo ti gba dọ́là mi." Èmi fẹ́ràn rélùwéè: láti ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, mo sì ti sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú nìyẹn, láìjókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìfọ̀ àti Sango. Ẹ wo àkókò rẹ̀ dáadáa kó bá ti bàálù yín mu.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, ẹ ti tú àpò ìbàdí kúrò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó tò sórí ìlà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì ọwọ́. Ẹ má ṣáájú báàgì náà kọjá ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó wọlé kí ẹ tó kọjá, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀ títí ẹ fi gbé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Tó bá pọ̀, ẹ sọ ọ́

Èyí ò kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn, kó gbọ́. Tí owó tó lé ní dọ́là 10,000 bá wà lọ́wọ́ yín, òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹ sọ fún àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó jáde. Amẹ́ríkà náà, dọ́là 10,000 ni ààlà wọn. Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn 10,000. Àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ Yúróòpù, yúrò 10,000. Kò sí èèwọ̀ nínú gbígbé e. Àìsọ ọ́ lẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má rò pé tí bàbá bá gbé 6,000, tí ìyá gbé 6,000, ẹ ti bọ́: ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ka owó ìdílé tó jọ ń rìn pọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí ẹ bá débẹ̀

Káńtà tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ní pápákọ̀ òfurufú máa ń wọ́n. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nígboro.

Òtẹ́ẹ̀lì lè gba káàdì yín kí wọ́n fi ti owó kan mọ́lẹ̀ bí ìdógò, nítorí ohun tí ẹ lè bàjẹ́. Owó yẹn ò ní ṣeé ná, ó sì lè gba ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò kó tó padà. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé owó oúnjẹ yín ni wọ́n tì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa jù, torí kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn. Tí ẹ bá fẹ́ sanwó lórí POS, tàbí tí ẹ fẹ́ pọ owó, ẹ̀rọ lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ san án ní owó ibẹ̀ tàbí ní owó káàdì yín. Á gbé iye dọ́là tàbí náírà síwájú yín, ó sì máa ń dà bí oore, torí iye tó yé yín ni. Ẹ yan owó ibẹ̀: pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, dírámù ní Dubai, yúrò ní Paris. Tí ẹ bá yan owó káàdì yín, àwọn tó ni ẹ̀rọ ló máa bá yín ṣẹ́ ẹ ní iye tó wù wọ́n, wọ́n á sì fi èrè tiwọn lé e. Nígbà míì olùtajà á ti bá yín tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mọ̀; ẹ wo ríṣíìtì, kí ẹ ní kó fagi lé e kó tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báńkì, ní ojúmọmọ, ló dára jù láti pọ owó. Ẹ pọ èyí tó máa tó yín lò fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá pọ owó ni báńkì tiyín, àti nígbà míì báńkì tibẹ̀, máa gba owó iṣẹ́ wọn. Ẹ fi ọwọ́ bo PIN. Káàṣì ńlá àti káàdì kejì, tí ẹ bá ń jáde, kí wọ́n wà nínú sééfù yàrá. Ẹ má fi ọdún ìbí yín ṣe nọ́ńbà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Tí nǹkan bá sọnù

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nọ́ńbà báńkì méjèèjì sórí bébà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Kóòdù oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀ nílé ò ṣeé gbójú lé lọ́hùn-ún. Ẹ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà àti físà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ṣeé fọkàn tán l'Abẹ́òkúta. Ẹ má kọ PIN sí ibikíbi tó sún mọ́ káàdì.

Tí káàdì bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ tì í lórí áàpù, kí ẹ tó máa wá a. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀ kí wọ́n fún yín níwèé.

Ẹ má sì fi ọkàn sí i pé ẹni tó wà nílé á lọ sí ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ní Pánsẹ́kẹ́, á sì ti ibẹ̀ fi dọ́là ránṣẹ́ sí yín. Láti 2024 ni òfin CBN ti sọ pé owó tó ń wọ Nàìjíríà nìkan ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbà, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ jáde. Ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilẹ̀ míì, tó lè fi ránṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ fi ìwé ìrìnnà yín gbà á. Ẹ ti bá ẹni náà sọ ọ́ kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ ní, "Tí mo bá pè ọ́ lóru, owó ni, jọ̀ọ́ gbé e." Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí yín, ẹ ti rí ìdí tí ìpín ìdá kan nínú márùn-ún yẹn fi gbọ́dọ̀ wà ní ipamọ́.

Ìgbésẹ̀ 10: Owó tó bá ṣẹ́kù

Dọ́là, pọ́n-ùn àti yúrò, ẹ dá wọn padà sínú akáǹtì yín, kí wọ́n di ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò tó kàn. Dírámù, ríyàl, líràá àti irú wọn, ẹ ṣẹ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí a kì í tètè rí ẹni rà wọ́n níhìn-ín. Owó onírin ni kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣẹ́. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ jọ ní alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ra ṣokoléètì fún àwọn ọmọ ní pápákọ̀ òfurufú.